Ohùn tó dáa nínú mọ́tò spọ́ọ̀tì oníjòókòó méjì: bí a ṣe ń ṣe é l'Óṣogbo

Ọmọkùnrin kan wa Mazda MX-5 pupa wá bá mi l'Ókè-Fìà lọ́jọ́ Sátidé kan. Òun nìkan ló wà nínú mọ́tò. Àpótí wúfà (sípíkà béèsì) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé e tẹ̀lé e bọ̀ lẹ́yìn, nítorí pé kò wọ búùtù, kò wọ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kò sì sí ìjókòó ẹ̀yìn tí ì bá gbé e sí. Wúfà íńṣì 12 ni, méjì nínú àpótí kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ọgbọ́n wo la lè dá sí i?"

Mo ní, "Àbúrò, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ò ju pé kó o ra mọ́tò míì fún wúfà yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ owó ti kúrò lápò rẹ̀ ná. Ohun tó ṣe yìí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á ti ra nǹkan tán kí wọ́n tó wo ibi tó máa jókòó sí. Nínú jíìpù tàbí Sienna, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ gbé. Nínú mọ́tò oníjòókòó méjì, ààyè ló ń pàṣẹ, owó ló ń gbọ́.

MX-5 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, ìran kìíní (ti 1989 sí 1997) àti ìkejì (ti 1998 sí 2005), torí pé òun lọwọ́ mi mọ̀ jù. Tó bá jẹ́ BMW Z3 tàbí Mercedes SLK lẹ gbé, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ yẹ inú tiyín wò fínnífínní kẹ́ ẹ tó gbé dríìlì.

Kékeré rẹ̀ kì í ṣe àbùkù

Ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn tó ń gbé irú mọ́tò yìí wá ni pé kò lè ní béèsì. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn tó mítà 8.5. Inú MX-5 kò gùn tó mítà méjì. Ìgbì náà kò ráyè na ara rẹ̀; ńṣe ni wúfà ń ti gbogbo afẹ́fẹ́ inú mọ́tò síwá-sẹ́yìn bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń fín ẹwìrì, àyà yín á sì gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wúfà íńṣì 8 kan fi ń ṣe níbẹ̀ ohun tí ńlá méjì ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì.

Ìgbà tí nǹkan máa ń yí padà ni ìgbà tẹ́ ẹ bá ká òrùlé sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ti rọ́nà sá lọ, béèsì ti bá a lọ, ariwo táyà àti ti trélà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán á sì bo èyí tó kù mọ́lẹ̀. Sípíkà ilẹ̀kùn ló máa gbà yín nígbà náà, èyí tó gbọn-in, tó sì ń gba agbára lára amplifier, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn. Wúfà ńlá ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Nítorí náà, ilẹ̀kùn ni màá pẹ́ sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: téèpù àti páálí

Kẹ́ ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta nǹkan kan, ẹ wọn ibi mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni ihò rédíò. Gbogbo wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18. Gíga ló yàtọ̀. Tó bá ga ní 5, rédíò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa rà. Tó bá jẹ́ 10, ẹ lè fi aláwòrán ńlá sí i.

Ìkejì ni jíjìn ilẹ̀kùn lẹ́yìn sípíkà. Ẹ wa gíláàsì sísàlẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Mo ti rí ẹni tó wọ̀n ọ́n nígbà tí gíláàsì wà lókè, tó ra sípíkà olóòfà ńlá, tó dè é tán, tó wá sọ gíláàsì kalẹ̀. Ìró tó dún kì í ṣe ti sípíkà. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni àlàfo láti ojú irin tí sípíkà máa jókòó lé títí dé ara gíláàsì. Ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà kan kúrò fún ìgbọ̀njìgbọ̀n, ẹ kọ èyí tó kù sílẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́jà.

Ìkẹta ni ibi ẹsẹ̀ ẹni tó ń jókòó ti awakọ̀. Ibẹ̀ ni wúfà máa gbé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ kí n ti wúfà pẹlẹbẹ sábẹ́ ìjókòó, èyí tó ní amplifier tirẹ̀ nínú. Nínú Corolla, ó dáa. Ìjókòó MX-5 fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanlẹ̀. Ẹ fọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọwọ́ yẹn gan-an ń há. Ẹ gé páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra kó tó ìwọ̀n àpótí tẹ́ ẹ ní lọ́kàn, ẹ gbé e síbi ẹsẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ ní kí ìyàwó yín jókòó síbẹ̀ láti Ọláìyá dé Ọjà Ọba. Tí kò bá ráhùn títí tẹ́ ẹ fi dé, ẹ lè kan àpótí. Tó bá ráhùn, ẹ gé páálí kù, kẹ́ ẹ tún rìn ín.

Búùtù ńkọ́? Ẹ fi búùtù sílẹ̀ fún ẹrù. Nínú mọ́tò yìí, ògiri irin àti táńkì epo ló wà láàárín búùtù àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú. Béèsì tí ẹ bá fi síbẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn mọ́tò yín ló máa gbádùn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tẹ́ ẹ máa rà, àti bí wọn ò ṣe ní fi gbájú-ẹ̀ mú yín

Rédíò: ẹ wá èyí tó ní ẹnu RCA (ibi tí wáyà ohùn ń gbà lọ sí amplifier) méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta lẹ́yìn (iwájú, ẹ̀yìn, wúfà), tó sì lè dá ohùn sípíkà kan dúró díẹ̀ kí èkejì lè bá a. Ẹ ó rí ìwúlò ìyẹn nígbà tá a bá dé ìparí. "50W×4" tí wọ́n kọ sójú rẹ̀, ẹ má ka á sí. Èyí tí rédíò ń mú jáde gan-an lórí sípíkà kan kì í sábà ju watt 15 sí 22. Ìdí tá a fi nílò amplifier nìyẹn.

Sípíkà: ẹ ra èyí tí tùwítà rẹ̀ (sípíkà kékeré fún ohùn tínrín) dá wà lọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní component, íńṣì 6.5, ohm 4. Ibi tí ilẹ̀kùn MX-5 fi sípíkà sí rẹlẹ̀, ó kọjú sí orúnkún. Tẹ́ ẹ bá ra èyí tí tùwítà rẹ̀ wà láàárín rẹ̀, ohùn tínrín, tí í ṣe ẹnu ọ̀rọ̀ nínú orin, orúnkún yín ló máa gbọ́ ọ.

Amplifier: ẹlẹ́nu mẹ́rin kan tó. Ẹnu méjì fún ilẹ̀kùn méjèèjì, ẹ so méjì yòókù pọ̀ fún wúfà. Ẹ wá kékeré, ti class D, èyí tí ìtóbi rẹ̀ kò ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ. Irú rẹ̀ kì í gbóná púpọ̀, kì í sì í jẹ iná bíi tàtijọ́.

Ìṣirò kan rèé tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ máa rí amplifier tí wọ́n kọ "3000W" gàdàgbà sí lórí. Ẹ yí i padà, ẹ wo fíúsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ fíúsì 30 kan péré, ẹ fi 30 sọ 13.8 (ìyẹn fóòtì tí mọ́tò ń mú wá nígbà tí ẹ̀ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́) di púpọ̀: 414. Watt 414 ni gbogbo iná tó lè wọlé kí fíúsì tó jó. Class D á sọ nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ di ohùn, ìyẹn bíi 330. Ibo ni 3000 ti wá? Látorí páálí ni. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa wá lára ọjà ni RMS, ìyẹn agbára tó lè máa mú jáde láìdúró. Nọ́ńbà tó bá ti dúró láìsí RMS, ẹ kà á sí oríkì.

Wáyà náà ní ayédèrú tirẹ̀. Ẹ gba eyọ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ fi bíléèdì ha irin inú rẹ̀. Tó bá pupa wọnú, bàbà ni. Tó bá funfun lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Iná kì í gbà á kọjá bíi ti bàbà, ó sì máa ń gbóná. Mo máa ń gbé bíléèdì dání lọ ra wáyà, àwọn tó mọ̀ mí ti mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ilẹ̀kùn, ibi tí iṣẹ́ wà

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tú orí bátìrì òdì, èyí dúdú, kẹ́ ẹ sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Báàgì afẹ́fẹ́ inú sítíárín máa ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú. Wáyà tó bá wà nínú rọ́bà aláwọ̀ ìyeyè, ti báàgì yẹn ni. Ẹ má gé e, ẹ má fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kàn án, ẹ má tilẹ̀ bá a ṣàwàdà.

Tẹ́ ẹ bá yọ páńẹ́lì ilẹ̀kùn, ẹ máa bá náílọ́ọ̀nù kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló máa ń fà á ya, tí wọ́n á dà á nù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín. Omi òjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ṣe mọ́tò nìyẹn. Náílọ́ọ̀nù yẹn ló ń dá a padà sínú kó lè gba ihò ìsàlẹ̀ ṣàn jáde. Láìsí i, òjò oṣù kẹjọ, ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, á gba páńẹ́lì wọnú kápẹ́ẹ̀tì, mọ́tò á sì máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tó tutù.

Ẹ fi ìka lu irin ilẹ̀kùn níta. Ó ń dún gban-gban bí agolo mílíìkì. Agolo yẹn ló ń kọrin pẹ̀lú sípíkà yín, kò sì mọ orin. Ẹ fi aṣọ àti spírítì nu inú irin náà títí tí aṣọ ò fi ní dúdú mọ́, nítorí eruku ọyẹ́ tó ti kó síbẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ lẹ ìwé rọ́bà dúdú tó ní fóìlì lójú, èyí tí wọ́n ń pè ní butyl. Kò pọn dandan kó bo gbogbo irin. Èyí tó bá bo nǹkan bí ìdajì irin ìta, pàápàá ibi tó kọjú sí ẹ̀yìn sípíkà, ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fi rólà kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí àwòrán orí fóìlì á fi parẹ́. Èyí tẹ́ ẹ kàn fọwọ́ pa, oòrùn Òṣogbo á tú u. Ẹ má bo ihò omi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá o.

Ẹ tún lu ilẹ̀kùn. Tó bá dún "kù" bí ìgbà téèyàn gbá ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ti ṣe é. Ìlẹ̀kùn náà á máa pa dé bíi ti mọ́tò olówó ńlá. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yìn, kí wọ́n tó rántí sípíkà.

Irin inú, ibi tí sípíkà máa jókòó lé, ní ihò ńlá lára. Sípíkà máa ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó sì máa ń fà á sẹ́yìn. Tí ti ẹ̀yìn bá rí ihò gbà jáde wá bá ti iwájú, méjèèjì á pa ara wọn. Béèsì tí ẹ fi owó rà á ṣègbé sínú ilẹ̀kùn. Torí náà, ẹ fi butyl di ihò ńlá wọ̀nyẹn, ẹ yọ ibi tí wáyà àti ọ̀pá ìlẹ̀kùn ń gbà sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá lẹ náílọ́ọ̀nù padà lé e lórí. Ní ti òrùka tí sípíkà máa jókòó lé, ẹ ní kí káfíńtà gé e láti ara MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe) tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 1.5 tàbí tó tó àlàfo tẹ́ ẹ wọ̀n. MDF máa ń wú tómi bá kàn án, ẹ fi ọ̀dà bò ó lẹ́ẹ̀mejì, tinú tòde. Ẹ lẹ fóòmù rínrín yí etí sípíkà ká kó lè kan ẹ̀yìn páńẹ́lì, kí ohùn má bàa sọnù sáàárín.

Tùwítà ni kẹ́ ẹ gbé sí igun dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́bàá dígí ìwòyìn. Ẹ má tíì lu ihò kankan. Ẹ fi téèpù alẹ̀mọ́ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ná, ẹ gbọ́ orin fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ yí ojú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èmi máa ń kọ ojú ti ọ̀tún sí etí awakọ̀ tààrà, màá sì yí ti òsì síta díẹ̀, torí òun ló sún mọ́ jù.

Kẹ́ ẹ tó pa páńẹ́lì dé, ẹ gbé bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ẹ fi wáyà méjèèjì sípíkà kàn án fẹ́ẹ́. Tí ojú sípíkà bá sún síta, wáyà tó wà lórí ìmú bátìrì ni ti rere (+). Tó bá wọnú, ẹ ti pààrọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú kan ni. Sípíkà kan tó ń fa tí èkejì ń tì á mú kẹ́ ẹ máa wá béèsì kiri ìlú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àpótí wúfà

Wúfà pẹlẹbẹ íńṣì 8, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò jìn, nínú àpótí tó dí pa. Ìwé tó bá wúfà wá nínú páálí á sọ iye lítà afẹ́fẹ́ tó fẹ́. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ wọn inú àpótí, kì í ṣe ìta, ẹ sọ gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn di púpọ̀, kẹ́ ẹ fi 1000 pín in. Àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, 26 àti 14 á jẹ́ lítà 10.9. Ẹ yọ ìwọ̀n ara wúfà fúnra rẹ̀ kúrò, òun náà wà nínú ìwé yẹn.

Káfíńtà yín lè mọṣẹ́ dáadáa, kó sì fi àlàfo sílẹ̀ lórí igun, torí pé kọ́bọ́ọ̀dù ló mọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ò sì nílò kí afẹ́fẹ́ má jáde. Ẹ dúró tì í. Gọ́ọ̀mù igi lórí gbogbo ojú tó bá pàdé, kí sukúrúù tó tẹ̀lé e. Tó bá gbẹ, ẹ tẹ ojú wúfà wọnú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀: tó bá padà wá díẹ̀díẹ̀, àpótí dí, tó bá padà wá kíá, ihò kan wà níbì kan.

Ẹ de àpótí mọ́ ilẹ̀ mọ́tò pẹ̀lú bẹ́líìtì irin tàbí bóòtì. Nǹkan tó wúwo bẹ́ẹ̀ níbi ẹsẹ̀ èèyàn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ búrékì lójijì, òkò ni. Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ mọ́tò kẹ́ ẹ rí ibi tí ọ̀pá epo àti ti búrékì gbà.

Ẹ bo àpótí náà pẹ̀lú kápẹ́ẹ̀tì tó bá ti mọ́tò mu. Oníbàárà mi onímọ́tò pupa yẹn ní àdìrẹ lòun fẹ́, pé Òṣogbo ìlú aró ni a wà. Mo bò ó ní àdìrẹ. Ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn ń kàn án lójoojúmọ́, aró rẹ̀ sì wà lára ṣòkòtò funfun ẹnì kan báyìí. Tó bá jẹ́ gríìlì tùwítà lẹ fẹ́ fi àdìrẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ìyẹn ò burú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iná

Ohun kan wà tí MX-5 fi ṣàánú wa: búùtù ni bátìrì rẹ̀ wà, kì í ṣe iwájú. Tí amplifier bá wà ní búùtù náà, wáyà iná ò ní ju mítà kan lọ, kò sì ní gba inú ògiri ẹ̀ńjìnnì kọjá rárá. Fún watt 270 lápapọ̀ (60 lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, 150 fún wúfà), iná tó máa fà kò ju bíi amp 25 lọ, nítorí náà wáyà bàbà nọ́ńbà 8 ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta nọ́ńbà 0, tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún yín.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa, kó má jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju èyí tó wà lára amplifier. Kì í ṣe amplifier ló ń dáàbò bò, wáyà ni: tí wáyà bá bó lára irin, fíúsì á jó kí mọ́tò má bàa jó.

Bátìrì búùtù yìí ní àlámọ̀rí tirẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i jẹ́ irú tí kì í da omi, ó sì ní ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé gáàsì jáde sábẹ́ mọ́tò. Tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín bá ti fi bátìrì olómi lásán rọ́pò rẹ̀ láìsí ọ̀pá, gáàsì tó lè gbiná ń kó jọ sí búùtù tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ohun oníná sí. Ẹ yanjú ìyẹn ná.

Ìkìlọ̀ tó lágbára jù rèé. Ẹ má lu ihò sí ògiri ẹ̀yìn ìjókòó, ẹ má sì lu ihò sí pèpéle tó wà lábẹ́ òrùlé. Táńkì epo ló wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ẹ gé pílíwúùdù, ẹ de amplifier mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi bóòtì tó ti wà ní búùtù tẹ́lẹ̀ dè é dúró, níbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ sí i.

Wáyà ilẹ̀, ìyẹn dúdú: ó gbọ́dọ̀ kúrú, kó má ju ìdajì mítà, kó sì fara kan irin tó wà níhòòhò. Èmi fúnra mi ti jẹ̀bi èyí. Nínú mọ́tò tèmi, mo rí bóòtì kan tó dán ní búùtù, mo de dúdú mọ́ ọn, mo gba Ọláìyá lọ sí Ìgbóǹà. Bí mo ṣe ń tẹ iná, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kan ń han nínú sípíkà bí yànmùyánmú létí, ó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì. Mo pààrọ̀ RCA, mo pààrọ̀ rédíò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ alternator. Ọ̀dà ló wà lábẹ́ bóòtì yẹn! Sáńpépà àti ìṣẹ́jú márùn-ún ló parí ìyà ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fá ọ̀dà títí irin á fi funfun, ẹ dè é, kẹ́ ẹ wá fi gíríìsì bo òkè rẹ̀ kó má bàa dípẹtà.

Ẹ jẹ́ kí wáyà RCA gba apá kan mọ́tò, kí wáyà iná gba apá kejì. Wáyà búlúù oníláìnì funfun lẹ́yìn rédíò ló ń jí amplifier. Nínú àwọn wáyà tó bá rédíò ọjà wá, ìyeyè ni iná tí kì í kú, pupa ni èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń tàn, dúdú ni ilẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ ìyeyè àti pupa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rédíò á máa gbàgbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tò sí i. Níbi tẹ́ ẹ bá ti so wáyà, ẹ fi òjé jó o tàbí kẹ́ ẹ fi irin pa á. Wáyà tí wọ́n kàn lọ́ tí wọ́n fi téèpù wé, ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: títò ohùn

Bọ́tìnnì "gain" tó wà lára amplifier kì í ṣe bọ́tìnnì fọ́lúùmù. Èyí tó bá ti yí i dé ìparí ti ń sun sípíkà rẹ̀. Ẹ yọ wáyà sípíkà lẹ́nu amplifier, ẹ pa gbogbo béèsì àti tẹ̀ríbù orí rédíò sí òdo, ẹ gbé fọ́lúùmù rédíò sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ fi fóònù kọ ohùn 1000 Hz sí i (50 Hz fún wúfà; Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ẹ gbé mítà ìwọ̀n-iná sí ojú fóòtì tí wọ́n kọ AC sí, ẹ fi kan ẹnu amplifier, ẹ máa yí gain díẹ̀díẹ̀. Fún watt 60 lórí ohm 4, ẹ dúró ní fóòtì 15.5. Fún watt 150 ti wúfà lórí ohm 4, ẹ dúró ní 24.5. Bí watt yín bá yàtọ̀, ẹ sọ watt di púpọ̀ pẹ̀lú ohm, kẹ́ ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ (√) lórí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù.

Sípíkà ilẹ̀kùn, ẹ gé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò fún un. Wúfà, ẹ gé ohun tó bá ju 80 lọ. Kálukú dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀.

Etí òsì yín sún mọ́ sípíkà òsì ju bí ọ̀tún ṣe sún mọ́ ti ọ̀tún lọ, torí òsì la ti ń wakọ̀. Ẹ fi téèpù wọn méjèèjì látorí. Tí òsì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 85 tí ọ̀tún jẹ́ 120, ìyàtọ̀ jẹ́ 35. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, torí náà ẹ ní kí rédíò dá òsì dúró fún 1 ms. Ẹ ó rí i pé olórin á kúrò lórí ilẹ̀kùn, á wá dúró láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ẹni pé ó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Orin wo lẹ máa fi dán an wò? Mi ò kì í lo orin òyìnbó. Dùndún ni mò ń lò. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀: tí ẹ bá lè gbọ́ ohun tó ń sọ, àárín ohùn yín dúró dáadáa. Gúdúgúdú gbọ́dọ̀ máa ta pọ́n-pọ́n láìgún yín létí. Tó bá ń gún etí, tùwítà ti le jù, ẹ dín in kù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún bí ìlẹ̀kẹ̀ lára igbá, kó má dún bí ìgbà tí wọ́n ń da iyanrìn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi fújì sí i fún wúfà. Tó bá di pé ẹ ò mọ ohun tí ìyá ìlù ń wí mọ́ torí béèsì, ẹ rẹ wúfà sílẹ̀, kódà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tò ó lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tọ́jú méjèèjì sórí rédíò: ọ̀kan fún ìgbà tí òrùlé wà lókè, ọ̀kan fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ká a, kí wúfà lè lọ sókè díẹ̀ nínú ti ìkejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ wakọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú orin, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ kan ilé fíúsì àti ibi tí wáyà dúdú ti kan irin. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá gbóná débi tẹ́ ẹ fi máa yọwọ́, bóòtì ti dẹ̀, ẹ tún un dè. Ẹ bu garawa omi kan, ẹ dà á sórí gíláàsì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣílẹ̀kùn. Omi gbọ́dọ̀ máa kán nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti inú ihò rẹ̀. Tí ìsàlẹ̀ bá gbẹ, tí kápẹ́ẹ̀tì sì tutù, náílọ́ọ̀nù ti ṣí níbì kan. Ẹ yọ páńẹ́lì lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ padà.